Okùn Máàsì Tó Kù Sínú Abọ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Píkọ́ọ̀pù Kan ní Kétu

Iṣu ni wọ́n fi ń kó nínú ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n tó ni ín máa ń ra iṣu àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ káàkiri Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, á dì í sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, á sì gba Pọbẹ̀ àti Sàkétẹ́ lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Òru ló sábà máa ń gbéra kí ó lè bá ọjà àárọ̀. Píkọ́ọ̀pù náà ti dàgbà: bẹntiróòlù ló ń mu, kébù irin ni wọ́n fi ń fa tọ́rọ́tù rẹ̀ (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà), kò sì sí kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ nínú rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ lójú pópó wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná mọ́tò, àti fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe fúnra wọn.

Nígbà tí wọ́n fi okùn wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù wa, ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rò pọ̀. Bátìrì tuntun ń kú. Iná iwájú ń pọ́n, kò mọ́lẹ̀. Aago ìgbóná ń gòkè lóru, kì í sì í gòkè lọ́sàn-án. Sítátà ń yí tìrora-tìrora. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wáyà kan jó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín Pọbẹ̀ àti Kétu, èéfín sì kún inú ọkọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ti pààrọ̀ alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀ àti bátìrì), wọ́n ti yọ thermostat (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣàkóso omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára) dànù. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ ayé ti wọ inú ọkọ̀ yìí. Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò rà á."

Bí àìsàn márùn-ún bá wọ ọkọ̀ kan láàárín oṣù kan, èmi kì í gbà pé márùn-ún ni wọ́n. Ìyá kan náà ló sábà máa ń bí wọn. Mo bi ẹ̀gbọ́n pé kí ni ọwọ́ kọ́kọ́ kàn lára ọkọ̀ kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí bátìrì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣáájú bátìrì?" Ó ronú díẹ̀. "Sítátà ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ti parí. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é, ó sì ń yí."

Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ gan-an. Ohun tí onímọ́tò bá ti kà sí ohun tó parí, kì í sọ ọ́ mọ́.

Bí iṣẹ́ sítátà yẹn ṣe lọ nìyí. Sítátà àtijọ́ ti ń dún "tá" láìyí. Owó iṣẹ́ tí wọ́n dá lé e wọ ẹ̀gbọ́n lọ́rùn, ó sì ti wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń yọ sítátà lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Ó ra tòkunbọ̀ kan, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì tó ní àmì − kí ó tó fi sípánà kan ohunkóhun, ó sì ń kó gbogbo bóòtù sínú abọ́ kan kí wọ́n má baà sọnù. Mo yìn ín fún èyí, nítorí mo mọ àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ tí wọn kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bóòtù méjì ló de sítátà náà mọ́ ilé jíà. Bóòtù òkè tún di nǹkan mìíràn mú: okùn bàbà tí wọ́n hun pẹlẹbẹ, tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, tí orí rẹ̀ méjèèjì ní ojú irin tí bóòtù ń gbà kọjá. Orí kejì wà lára bọ́dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri irin tó la àárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀. Okùn náà ti dúdú fún epo, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ojú rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe fà á, orí tó wà lára bọ́dì já, fọ́nrán bàbà bíi mélòó kan sì kán sí i lọ́wọ́. Kò sí rọ́bà tí wọ́n fi bò ó, kò jọ wáyà rárá. Ó rò pé okùn ìdè àtijọ́ kan lásán ni. Ó jù ú sínú abọ́, ó dá bóòtù padà, ó sì fún un dáadáa.

Okùn yẹn gan-an ni máàsì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà láti ara ẹ́ńjìnnì padà sọ́dọ̀ bátìrì. Nínú píkọ́ọ̀pù yìí, wáyà − bátìrì kì í lọ bá ẹ́ńjìnnì tààrà. Ara bọ́dì ni wọ́n dè é mọ́, okùn bàbà yẹn nìkan ló sì so bọ́dì pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Sítátà kò ní wáyà − tirẹ̀. Ara irin rẹ̀ ni iná ń gbà bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ó tó padà sílé lọ́dọ̀ bátìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni alternator.

Ará Kétu á tètè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí mo bá fi Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ṣàpèjúwe. Bí wọ́n bá ti ẹnubodè yẹn pa láyé àtijọ́ nígbà tí èrò ọjà fẹ́ jáde, èrò kò ní sùn síbẹ̀. Wọ́n á wá ibi tí odi ti rẹlẹ̀, wọ́n á máa gùn ún, odi á sì wó. Iná sítátà, tó lè tó 100 sí 200 ámpù, kò rí ẹnubodè mọ́. Kébù tọ́rọ́tù ló ń gùn kọjá, nítorí irin ni kébù yẹn, orí rẹ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì, èkejì wà lára bọ́dì.

Nítorí náà sítátà tòkunbọ̀ yí, ṣùgbọ́n kò lágbára. Ẹni tó tà á ní bátìrì ni kò dára. Ẹ̀gbọ́n ra bátìrì tuntun, sítátà sì le sí i díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí bátìrì tuntun lè ti iná kọjá ní ọ̀nà tó há ju èyí tó ti gbó lọ. Ìdẹ̀ra díẹ̀ yẹn ló tan gbogbo ènìyàn jẹ. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, bátìrì ni lóòótọ́." Ẹnikẹ́ni kò padà wo iṣẹ́ sítátà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyà yòókù wá ń tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator ń pèsè iná tó péye, ṣùgbọ́n iná náà ní láti gba kébù tọ́rọ́tù kan náà padà wá, nítorí náà díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Lọ́sàn-án, tí kò sí iná iwájú, èyí kò hàn. Lóru, ìmọ́lẹ̀ ń gba iná ju èyí tó ń wọlé lọ. Aago ìgbóná pẹ̀lú ń purọ́. Wáyà kan ṣoṣo ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ní, ara ẹ́ńjìnnì ni ó fi ṣe máàsì. Bí iná iwájú bá tàn, fóòtì (ìwọ̀n agbára tó ń ti iná lọ) tó wà láàárín bọ́dì àti ẹ́ńjìnnì á lọ sókè, iná púpọ̀ á gba inú sẹ́ńsọ̀ kọjá, ọwọ́ aago á sì gòkè bí ẹni pé omi ń hó. Mẹ́káníìkì kan rí i, ó ní ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ó sì yọ thermostat. Ẹnì kan nínú wọn kò fọwọ́ kan rédíétọ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbóná lóòótọ́. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí èyí, nítorí ọwọ́ lásán ti tó láti mú irọ́ yẹn.

Ẹlòmíràn lójú ọ̀nà fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó bá a ní nǹkan bíi 12.8 fóòtì, ó ní alternator ti kú. Òótọ́ ni mítà sọ. Ibi tó gbé e sí ni kò tó. Bí ó bá gbé e lé ara alternator fúnra rẹ̀, á rí ohun mìíràn. Wọ́n ra alternator tòkunbọ̀, wọ́n sì gbé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n pé kí ó lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tún yí padà, ẹ̀gbọ́n dá ọgbọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó fa wáyà kan láti orí bátìrì tó ní àmì + lọ sí iná iwájú tààrà, ó gba inú suwíìṣì kékeré kan tó dè mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí fíùsì níbẹ̀. Ibi tí wáyà náà gbà wọ inú ọkọ̀, etí irin lásán ni, kò fi rọ́bà sí i. Ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun ń mú kí wáyà máa ha ara irin títí rọ́bà rẹ̀ fi jẹ tán. Lóru ọjọ́ yẹn, wáyà kan bọ́dì. Kò sí ohun tó lè já kí iná dúró. Wáyà pọ́n láti ìdí títí dé orí. Ẹ̀gbọ́n sọ pé òórùn rọ́bà ló kọ́kọ́ gbọ́, kí èéfín tó máa yọ láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó sì fa orí bátìrì yọ. Kò tíì fún un le ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì bá tí yọ láìsí sípánà. Iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

A kọ́kọ́ gé wáyà tó jó náà kúrò, a wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ran wáyà mìíràn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìdì wáyà ńlá kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n iná kò tíì dé ibẹ̀. A gba iná sí bátìrì títí ó fi dúró ní 12.6 fóòtì, nítorí kò sí àyẹ̀wò tó ṣeé gbà gbọ́ lórí bátìrì tí ebi ń pa. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wá gbé mítà sí ibi tó ń dún, ó fi ẹnu mítà kan kan orí − bátìrì, ó fi èkejì kan ẹ́ńjìnnì. Mítà dún. Ó ní, "Ọ̀gá, máàsì wà, ó dára."

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Kò purọ́, mítà dún lóòótọ́. Bí fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù tó so wọ́n pọ̀, mítà á dún, torí iná kékeré tó ń rán kọjá kò ju ohun tí fọ́nrán kan lè gbé lọ. Mo ní kí ó gbé mítà sí fóòtì, kí ó fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì sí ibi kan náà gẹ́lẹ́, kí ẹlòmíràn sì yí sítátà. Mítà gòkè dé 3.4 fóòtì. Ohun tó yẹ kí a rí níbẹ̀ kò ju 0.2 lọ, ó pọ̀ tán 0.3. Nígbà yẹn, 11.2 ló kù lórí bátìrì fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tó dé ọ̀dọ̀ sítátà kò tó 8. A wo apá + náà, láti orí bátìrì dé orí sítátà: 0.3, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí 100 ámpù bá ń kọjá, tí 3.4 fóòtì sì ń ṣègbé lójú ọ̀nà, ìdíwọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju 0.034 ohm lọ. Mítà ọwọ́ wa kò lè rí i bí a bá ń wọn ohm, ó kéré jù fún un. Iná tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló lè fi í hàn.

Ọmọ iṣẹ́ tó jókòó sórí àga awakọ̀ wá sọ gbólóhùn kan tí kò kà sí nǹkankan: "Ọ̀gá, pẹ́dà tọ́rọ́tù yìí mà le o." Ẹ̀gbọ́n dáhùn láti ìta pé ó ti le láti ìgbà ọyẹ́, eruku ló wọ̀ ọ́. Mo fi ọwọ́ kan kébù náà. Kò ṣeé dì mú. Rọ́bà inú rẹ̀ ti yọ́ lé okùn irin lórí, ìdí nìyẹn tó fi ń há. Bí kébù yìí bá há pátápátá nígbà tí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà òru, iṣẹ́ wa lára ọkọ̀ náà ì bá ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

A mú wáyà tí a fi ń yá iná bátìrì, a so ẹnu kan mọ́ orí −, a so èkejì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́. Sítátà yí wìì, ẹ́ńjìnnì sì dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò tíì gbà. Ó ní alternator ńkọ́, ìgbóná ńkọ́? A tan iná iwájú pẹ̀lú wáyà náà lórí rẹ̀: ọwọ́ aago ìgbóná kò mira. A tú wáyà kúrò: ọwọ́ aago rọra gòkè. A dá a padà: ó sọ̀kalẹ̀. Láìsí wáyà, 14.1 ló wà lára alternator, 12.8 lórí bátìrì, 1.2 sì wà láàárín bọ́dì àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n ń wo ọwọ́ aago tó ń lọ tó ń bọ̀, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kí ó wo inú abọ́ tó wà lẹ́yìn ilé. Ọlọ́kadà gbé abọ́ náà wá. Okùn bàbà wà nínú rẹ̀, láàárín àwọn bóòtù tí kò rí ibi lò.

Iṣẹ́ àtúnṣe kò pẹ́. A kò dá okùn àtijọ́ padà, fọ́nrán rẹ̀ ti kán jù. A ṣe òmíràn láti ara wáyà bàbà 25 mm², a tẹ ojú irin mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. A fi páńpépà fá ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára bọ́dì àti ilé jíà títí irin fi ń dán, a fi wọ́ṣà eléyín sí i, a fún un, lẹ́yìn náà la fi gírísì bo ìta rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Ọ̀pọ̀ ń fi gírísì sáàárín dípò ìta, tàbí kí wọ́n dè é lé orí ọ̀dà. Iṣẹ́ asán nìyẹn. A yí sítátà, mítà ka 0.1. A ra kébù tọ́rọ́tù mìíràn. Iná iwájú padà sórí wáyà tirẹ̀. Nítorí pé ẹ̀gbọ́n ń rìn lóru, a fi relay (suwíìṣì tí iná kékeré ń ṣí fún iná ńlá) sí i, pẹ̀lú wáyà 2.5 mm² àti fíùsì 15 aláwọ̀ búlúù tó sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí: gílóòbù méjì oní-55 wáàtì ń fa nǹkan bíi 9 ámpù, nítorí náà 15 tó. A dá thermostat padà, torí ẹ́ńjìnnì tí kò lè gbóná tó ń jẹ epo lásán, epo kò sì rọ ẹ̀gbọ́n lọ́rùn.

A rò pé ó ti parí. Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n tún pè pé òun gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí òkú ẹbí, bátìrì sì ti kú nígbà tí òun padà dé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. A ti gbogbo nǹkan pa, a fi mítà sáàárín orí − bátìrì àti wáyà rẹ̀, a dúró kí ọkọ̀ sùn. Ohun tó yẹ kí ó máa jò kò yẹ kí ó ju 0.05 ámpù lọ. Tiwa jẹ́ 0.4. Láàárín wákàtí 24, nǹkan bíi 10 ámpù-wákàtí ni ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bátìrì oní-60 ni ẹ̀gbọ́n rà. A ń yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, mítà kò sún. Nígbà tí a tú wáyà nípọn tó wà lẹ́yìn alternator, tí a sì jẹ́ kí ó máa rọ̀, mítà jábọ́ sí 0.02. Díódì inú alternator tòkunbọ̀ náà, tó yẹ kí ó jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, ló ń jẹ́ kí iná máa sá padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba iná síbẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí.

Alternator àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n kò tíì tà á. Ó wà nínú àká, lábẹ́ àpò àgbàdo. A wọn díódì rẹ̀, a wo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ apá tó ń yí), kò sí ohun tó ṣe é. A dá a padà sípò rẹ̀. Bí ẹ bá wo gbogbo owó tí ẹ̀gbọ́n ná, bátìrì, alternator, iṣẹ́ àwọn ènìyàn, ọjà tó bàjẹ́, òun àti ìdílé rẹ̀ kò rí èyíkéyìí jẹ nínú rẹ̀, okùn tó tún ọkọ̀ náà ṣe kò sì tó 3,000 sefa. Ohun tó dára ni wọ́n yọ, ohun tó ní àìsàn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gba owó lé e.

Láti ìgbà náà, mo ti yí bí a ṣe ń gba ọkọ̀ wọlé padà ní ṣọ́ọ̀bù wa. A kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìrora wà. A ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí sípánà gbẹ̀yìn kàn kí ìrora tó dé, pàápàá ibi tí onímọ́tò bá sọ pé "ìyẹn ti parí." A ń béèrè bóyá bóòtù, okùn tàbí wáyà kan ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ náà, a sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé e wá, ohun yòówù kó jọ. Kò sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ lára ẹ́ńjìnnì. Ọmọ iṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ sọ fún mi mọ́ pé máàsì dára nítorí pé mítà dún. Fóòtì ni kó kà fún mi, pẹ̀lú sítátà tó ń yí tàbí iná tó ń tàn.

Fún onímọ́tò tí kò ní mítà, wáyà tí a fi ń yá iná ti tó láti mọ̀ bóyá máàsì ẹ́ńjìnnì ló ń dá a láàmú. Bátìrì tó ń gba iná lè máa tú gáàsì tó ń gbaná jáde, ìtapà kékeré sì lè mú kí ó bú. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ so ẹnu wáyà kan mọ́ orí −. Ẹnu kejì ni kó gbé lọ jìnnà sí bátìrì, sí irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, kí ibi tí ìtapà bá ti lè ṣẹlẹ̀ má sún mọ́ bátìrì. Kí ó yẹra fún bẹ́líìtì àti fáànù. Lẹ́yìn náà kí ó yí sítátà. Bí ó bá yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó má ra bátìrì, kí ó má ra alternator. Kí ó wá okùn bàbà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì, kí ó sì wo orí rẹ̀ méjèèjì.